Ọjọ́ Tí Akàwé Dákẹ́

"Ó tún ti dé!" Wàràwàrà fi ọwọ́ lu tábìlì. "Irú ìyọlẹ́nu wo nìyí?"

Àpótí kékeré kan ti yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó sì bo iṣẹ́ àṣetiléwá tó ń ṣe lọ́wọ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Ṣé o fẹ́ kí èmi máa ṣí gbogbo nǹkan fún ẹ? Mo yára, mo sì dáa ju èyí tí ò ń lò lọ." Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ní "Bẹ́ẹ̀ ni," ó tóbi, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán. Èkejì rí tín-ín-rín, ó ní "Tó bá yá." Kò sí "Rárá" níbì kankan. Ẹni tó bá sì tẹ "Tó bá yá," kò tíì lé e lọ, ńṣe ló ní kó máa padà bọ̀.

Búráúsà méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn ohun tí a fi ń wọ orí ayélujára. Ọ̀kan bá kọ̀ǹpútà wá láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Òun ló ń yọ jáde ṣáá yìí, Wàràwàrà sì ti sọ ọ́ ní Oníyọnu. Èkejì ni Akàwé. Màmá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ó máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú ewé sókè ketekete.

Akàwé ni Màmá fi ń ríran. Ọdún kejì rèé tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò sì ní kí wọ́n máa lọ sinmi nílé. Ìsinmi ọ̀hún ti sú wọn pátápátá. Kò sí àga kan nínú ilé tí wọn ò tíì gbé kúrò láyè rẹ̀. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ kan tó ń kọ́ni lórí ayélujára ń wá olùkọ́ ìṣirò. Wọ́n ti ní kí Màmá ṣe ìdánwò láti ilé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tí kò bá tíì wọlé nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n á ti ọ̀nà mọ́ ọn.

"Wàràwàrà! Ṣé o ò wá mọ́ ni? Wọ́n ti ń pín ẹgbẹ́ o!" Gògórò, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ń pariwo láti ojú títì, ó gbé bọ́ọ̀lù há abíyá.

"Mò ń bọ̀!"

Ẹ ò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pe ọmọbìnrin yìí ní Wàràwàrà. Tó bá gbé omi kaná, kì í jẹ́ kó hó tó fi máa sọ ọ́ kalẹ̀. Bó ṣe ń wá ìlà tó ti dúró nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni àpótí yẹn tún yọ.

"Ó yá, gbà! Kí olúkúlùkù sinmi!" Ló bá tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ẹ̀rọ náà dá a lóhùn pé: "A dúpẹ́! Láti ìsinsìnyí, èmi ni màá máa ṣí gbogbo líǹkì rẹ." Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé kó tún ìyẹn kà dáadáa. Àmọ́ Gògórò tún figbe ta, ló bá sáré jáde.

Nígbà tó fi máa padà wọlé, òógùn ti bò ó, Màmá sì ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láyé ọjọ́sí, wọ́n tiẹ̀ kun àtíkè. Aago mẹ́rin lù. Wọ́n tẹ líǹkì tí ilé ẹ̀kọ́ náà fi ránṣẹ́. Ojú ewé ṣí, ṣùgbọ́n Akàwé ò sọ nǹkan kan.

Màmá tún un tẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

"Kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀? Wàràwàrà, ṣé o fọwọ́ kan nǹkan kan níbí?"

Ọmọ náà sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wò ó. Ó ti rí àmì Oníyọnu lókè ojú ewé náà, ó sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Rárá o, Màmá. Iṣẹ́ àṣetiléwá nìkan ni mo ṣe. Àbí agbóhùn tí ohùn rẹ̀ ń gbà jáde ló bàjẹ́?"

Irọ́ yẹn ti jáde kó tó mọ̀ pé òun ń pa á. Màmá dìde, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pe fọtógíráfà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà dáadáa.

Wàràwàrà já lu kọ̀ǹpútà. Ó ṣí Akàwé, Akàwé ṣí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá tẹ líǹkì ìdánwò náà, ọ̀dọ̀ Oníyọnu ló ń gbé e lọ. Ó wá ibi tí wọ́n ti ń yí búráúsà padà. Oníyọnu yọ: "Dúró ná! Ṣé o ti rí gbogbo ohun tí mo lè ṣe fún ẹ?" Ó tẹ̀ ẹ́ kúrò. Òmíràn yọ: "Gbìyànjú mi wò fún ọ̀sẹ̀ kan péré." Ìyẹn náà tún lọ. "Ṣé ó dá ẹ lójú?" Inú ń bí i burúkú. Ó gbọ́ ohùn fọtógíráfà lẹ́nu ọ̀nà, ló bá pa gbogbo rẹ̀ dé, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Tíṣà," ni fọtógíráfà wí. "Agbóhùn kì í yọ mí lẹ́nu."

Ó tú wáyà, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ gbé agbóhùn tirẹ̀ wá. Màmá ò jókòó, wọn ò dúró sójú kan. "Aago mélòó ló lù báyìí? Wàràwàrà, aago mélòó?" Ó ń wo aago, ó ń dá wọn lóhùn. Gbogbo ìgbà tó bá la ẹnu láti sọ òótọ́, ńṣe ló ń rò ó pé yóò ti le jù báyìí, òun ì bá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Fọtógíráfà fi orin kan sí i, orin náà dún gbọnmọgbọnmọ. Ó mi orí. "Tíṣà, agbóhùn yìí ò ṣe nǹkan kan o. Ta ló lo kọ̀ǹpútà yìí kẹ́yìn?"

Ìgbà yẹn ni Wàràwàrà bú sẹ́kún. "Èmi ni. Ó ń yọ mí lẹ́nu, mo bá tẹ 'Bẹ́ẹ̀ ni.' Búráúsà tó bá kọ̀ǹpútà wá ló gba ipò Akàwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Fọtógíráfà ò dúró gbọ́ ìyókù. Ó lọ tààrà síbi tí wọ́n ti ń yí i padà, ó ń tẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu: "Kí ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ yìí? Ó ń bẹ̀ mí bí ẹni tí mo fẹ́ kọ̀ sílẹ̀!" Kò pẹ́ náà tó fi parí rẹ̀. Màmá tẹ líǹkì ìdánwò. Akàwé là á mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn, ó dá ṣáká:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àkókò àtiwọlé ti kọjá. Ẹ ṣeun."

Fọtógíráfà rọra gbé agbóhùn rẹ̀, ó sì jáde. Màmá jókòó. Wọn ò pariwo nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn tàn ẹ́, mo gbà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn. Ìwọ wá tàn mí, tó o mọ̀ pé mi ò ríran wo ohun tó wà níbẹ̀."

Wàràwàrà wólẹ̀ síbi ẹsẹ̀ wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá tẹ ilé ẹ̀kọ́ náà láago, wọ́n sì na fóònù sí Wàràwàrà. "Ìwọ ni kó o ṣàlàyé." Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Obìnrin tó gbé fóònù fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

"Ó mà ṣe o, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí. "A ti mú ẹlòmíràn lálẹ́ àná. Ká ní ẹ pè wá kí ọ̀nà tó tì ni, à bá dúró de ìyá ẹ. A dúró de àwọn kan."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ mọ̀ pé ó máa ń rẹ èèyàn, wọ́n sì ń retí ìgbà tí yóò rẹ̀ yín. Ẹ má ṣe tẹ ohun tí ẹ ò kà tán, kí ẹ ṣáà lè ríbi sinmi. Àmọ́ bí ẹ bá ti wá tẹ̀ ẹ́, ẹ tètè sọ. Àṣìṣe Wàràwàrà ò ju ohun tí fọtógíráfà tún ṣe kí orin kan tó parí. Irọ́ tó fi bò ó ló gba àǹfààní iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.