Bàtà Nọ́ńbà Mọ́kànlá

“Ẹ dákẹ́ ná, kí n kà á.”

Mùíbátù ọmọ Àmọ̀dá ṣí ìwé àjákọ rẹ̀, ó sì wo àwọn tó yí i ká lábẹ́ igi máńgòrò ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ọ̀tà. Wọ́n tó ogún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní Sítándáàdì Síìsì, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àṣá ti ìlú Èkó. Bí olùkọ́ bá bi í ní ìṣirò, á máa wo òkè. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í ní orúkọ àwọn ọmọ Àṣá, láti orí aṣọ́lé dé orí ẹni tó ń gbé omi fún wọn, á kà á láìmí.

Ọdún 1952 ni. Oníṣòwò pákó kan ní Èbúté Mẹ́ta ló ni ẹgbẹ́ náà. Owó oṣù ló ń san fún wọn kí wọ́n má baà ní iṣẹ́ mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Lọ́dọọdún, kí ìdíje Èkó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ọ̀tà, wọn a sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdánrawò mẹ́ta lórí pápá kan lọ́nà Sàngó. Ibi tí ilé-iṣẹ́ kún fọ́fọ́ lónìí yìí, oko ẹ̀gẹ́ ni lásìkò náà, ariwo òǹwòran sì ni ariwo tó tóbi jù tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ohun tuntun kan dé: Àṣá wọ bàtà. Títí di ìgbà náà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wọn ti pàṣẹ pé ẹni tí kò bá lè fi bàtà gbá a kò ní í bá wọn dé ìdíje.

“Àṣá, góòlù kan. Àtàn, góòlù kan,” Mùíbátù ń ka ohun tó kọ nípa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ìlú Àtàn. “Aṣọ́lé: ó gbìyànjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń rìn bí adìyẹ tí wọ́n so lókùn. Àwọn tó wà lẹ́yìn: wọ́n ṣubú nígbà méje, mo kà á. Àwọn tó wà láàárín: bàtà ló gbá bọ́ọ̀lù náà, kì í ṣe àwọn.”

Ẹ̀rín sọ.

“Jìbírílù ńkọ́?” Mùsílíù ló béèrè. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wọ́n, ẹnu Mùsílíù kì í sì í sinmi.

Jìbírílù, nọ́ńbà mọ́kànlá, tó máa ń sáré lọ́wọ́ òsì, ni ààyò rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ lásán ló fi gbá góòlù mẹ́rin sílé Àtàn, Mùíbátù sì kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há fún ọjọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, ṣe ni Jìbírílù ń tiro. Bí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yára lé e kúrò lẹ́sẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹyin iná. Ó dun Mùíbátù dọ́kàn, ìdùnnú ọdún kan sì di ìbínú. Bí ẹni tí a fẹ́ràn bá já wa kulẹ̀, òun ni a máa ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ tó le jù sí.

“Jìbírílù ti tán,” ó kà á. “Kó lọ máa la pákó fún ọ̀gá rẹ̀.”

Mùsílíù fò sókè. “Ó ti tán! Akọ̀wé Àṣá ti dájọ́!”

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ pákó ti dé Ojú-Ore níbi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà wọ̀ sí. Nígbà tí Àṣá fi máa pàdé àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀tà fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, ó ti di orin. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan Jìbírílù báyìí, apá kan pápá á ké e pé, “Ó ti tán!” apá kejì á sì gbè é pé, “Kó lọ la pákó!” Ọ̀tà fi góòlù méjì sí ẹyọ kan lu Àṣá, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Lẹ́yìn tí rẹfirí fọn fèrè, Jìbírílù jókòó sórí koríko, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mùíbátù wà níbẹ̀. Kò bá wọn kọrin náà, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n dákẹ́.

Àmọ̀dá, bàbá Mùíbátù, ni aránbàtà tí Àṣá gbé bàtà wọn fún nígbà tí wọ́n dé. Òun ló kan kókó awọ mẹ́fà mẹ́fà mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má baà máa yọ̀ lórí koríko, ó sì fi ẹfun kọ nọ́ńbà oníbàtà sí i lára. Àmọ̀dá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òfin kan ṣoṣo ló ní nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: bàtà kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹni tó kàn án ti ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó sì tẹ gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. “Kí ìṣó gún ọwọ́ mi kó tó gún ẹsẹ̀ oníbàtà,” ló máa ń wí.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kó bàtà náà padà wá fún àtúnṣe. Mùíbátù ti dé láti ilé-ẹ̀kọ́, ó ń fi bébà nu ẹrẹ̀ ara wọn. Nígbà tó dé orí nọ́ńbà mọ́kànlá, ó rí i pé awọ tín-ín-rín tí wọ́n fi tẹ́ inú ti ẹsẹ̀ òsì ti dúdú, ó sì ti le. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun kan gún un ní ìka. Ó gbé awọ náà sókè, ó sì rí i: ìṣó mẹ́ta nàró síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lórí.

Kò sí ẹni tó ní láti sọ fún un ẹni tó kàn wọ́n. Ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ ti kó bàtà àwọn mẹ́wàá yòókù lọ sí pápá, ó ní kí Mùíbátù parí èyí tó kù, kó sì gbé e tẹ̀lé òun. Ogunlọ́gọ̀ èrò ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń kọrin. Mùíbátù kan ìṣó náà wàràwàrà, kò fi òòlù tẹ orí èyí tó yọ sínú, kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Awọ ló fi bò ó, ó sì sáré lọ wòran Jìbírílù.

Ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ wà níta, ó ń ṣe àlùwàlá. Mùíbátù gbé òòlù. Ó lu ìṣó kìíní, ó lu èkejì, ó lu ẹ̀kẹta, gbogbo wọn wọlẹ̀. Ó fi awọ tuntun tẹ́ ẹ, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, inú bàtà náà ń dán kóró. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Jìbírílù á tún sáré, gbogbo ẹnu á sì pa mọ́. Ta ni yóò gbọ́?

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Morónfólú, akọ́nimọ̀ọ́gbá Àṣá, wọlé.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá,” ó kí Àmọ̀dá tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. “Iṣẹ́ yín dára púpọ̀. Gbogbo bàtà wa lọ́dún yìí, ọ̀dọ̀ yín ni a ó máa kó o wá.”

“Ọlọ́run á jẹ́ kí ìdíje náà yọrí sí rere,” ni Àmọ̀dá wí.

“Àmín. Ẹ bá mi pa nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn rẹ́ kúrò lára bàtà Jìbírílù. Ọmọkùnrin kan ń bọ̀ láti Èkó tí ẹsẹ̀ wọn dọ́gba, òun ni yóò wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Jìbírílù ń bá lọ́rì lọ sílé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò lè wọ bàtà. Àwọn ará ìlú yín fúnra wọn ti sọ ọ́, ó ti tán.”

Mùíbátù di bàtà náà mú. Àtúnṣe tó ṣe ní kọ̀rọ̀ ti wá di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ń bọ̀ yóò wọ bàtà tí kò ní ìṣó nínú, yóò sáré, yóò gbá góòlù, gbogbo ènìyàn yóò sì ní, ‘Ẹ rí i bí? Jìbírílù ni kò dára.’

Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó ro ti iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó lè bọ́, ó ro ti Mùsílíù àti ẹ̀rín rẹ̀, ó sì gbé bàtà náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ní kó wá ka ti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì lábẹ́ igi máńgòrò, ó ní orí ń fọ́ òun. Lọ́jọ́ Rírú, orí tún fọ́ ọ. Ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

“Bàtà Bùrọ̀dá Jìbírílù. N kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìṣó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, òun ló ń gún wọn tí wọ́n fi ń tiro.”

Àmọ̀dá gbé ohun tó ń rán sílẹ̀. “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Ọjọ́ Ajé.”

“Òní ńkọ́?”

“Ọjọ́bọ̀ ni, Bàbá.”

“Ìṣó mẹ́ta yẹn, àṣìṣe ni,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, kí ni ká pè é?”

Mùíbátù bú sẹ́kún. Bàbá rẹ̀ kò nà án, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dé fìlà rẹ̀, ó mú bàtà náà, ó ní kó tẹ̀lé òun.

Jìbírílù ń di ẹrù rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Ojú-Ore. Àmọ̀dá kí Ọ̀gbẹ́ni Morónfólú, ó sì gbé bàtà náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ọ̀gá, ìṣó wà nínú bàtà yìí nígbà tí mo fi í fún yín. Ọwọ́ mi ló ti jáde, èmi ni kí ẹ mú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, kì í ṣe bàbá mi,” Mùíbátù wí. “Èmi ni mo kàn án. Eré ni mo ń sáré wá wò.”

Morónfólú yíjú sí Jìbírílù. “Tú ẹsẹ̀ rẹ.”

Jìbírílù tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ojú egbò mẹ́ta ló wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ náà, ọ̀kan ti ń wú.

“Jìbírílù! Kí ló dé tí o kò sọ?”

“Ọ̀gá, gbogbo wa la ń sọ pé bàtà ń dùn wá lẹ́sẹ̀,” ni Jìbírílù fèsì. “N kò wọ̀ ọ́ rí. Mo rò pé bí bàtà ṣe ń rí nìyẹn, pé èmi ni mi ò lè mú un mọ́ra bíi tiwọn.”

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Morónfólú ní kí Jìbírílù tú ẹrù rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ó sì ní kí Àmọ̀dá má bínú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ aránbàtà kan ní Èkó ni òun yóò máa kó bàtà lọ láti ọjọ́ náà. Àmọ̀dá kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Jìbírílù pe Mùíbátù padà.

“Ṣé ìwọ náà lo kọ ọ̀rọ̀ pákó yẹn?”

“Èmi ni. Ẹ dákun, Bùrọ̀dá.”

“Ó dùn mí ju ìṣó lọ,” ni Jìbírílù wí, ó sì padà sídìí ẹrù rẹ̀.

Àṣá gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta láìsí Jìbírílù, nítorí egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì jiná, wọ́n sì ta ọ̀mì. Lọ́jọ́ Ajé, Mùíbátù dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Kò fa ewé kankan ya. Ó ka ọ̀rọ̀ tó ti kọ tẹ́lẹ̀ nípa Jìbírílù, lẹ́yìn náà ló ka èyí tó kọ sábẹ́ rẹ̀: “Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ tí ìṣó mẹ́ta gún ló fi sáré fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Mùíbátù ọmọ Àmọ̀dá ló kan ìṣó náà, òun náà ló tún fi Jìbírílù ṣe yẹ̀yẹ́.”

Mùsílíù ló kọ́kọ́ la ẹnu. “Akọ̀wé ti tán! Kó lọ la pákó!” Orin tí Mùíbátù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n fi sìn ín délé lọ́jọ́ náà, àti fún odindi oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lọ, ó ń gbọ́ ọ bọ̀, kò sì fèsì.

Ìdíje Èkó ti dé ìdajì nígbà tí awakọ̀ lọ́rì kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Àmọ̀dá, tó na ẹrù kékeré kan tí wọ́n fi bébà ìròyìn wé sí i. Bàtà nọ́ńbà mọ́kànlá ni. Kókó awọ méjì ti bọ́ lára rẹ̀.

“Jìbírílù ló ní kí n gbé e wá,” ni awakọ̀ náà wí. “Ó ní ọmọ yín tó kàn án níjọ́sí ni kó tún un kàn. Ó ní ẹni tó ti rí ẹ̀jẹ̀ òun nínú bàtà kò ní í fojú fo ìṣó mọ́.”

Àmọ̀dá gbé òòlù fún ọmọ rẹ̀. Mùíbátù kan kókó awọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó ti ọwọ́ bọ inú bàtà òsì, ó tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ títí dé ọmọ ìka, ó yọwọ́, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó ṣe bákan náà fún ti ọ̀tún. Awakọ̀ fọn fèrè títí ó fi sú u, Mùíbátù kò yára.

Ó rọrùn láti dúró létí pápá kí á máa dá ẹni tó ń sáré lẹ́jọ́, ó sì rọrùn láti bo àṣìṣe wa mọ́lẹ̀ kí ẹlòmíràn jìyà rẹ̀. Mùíbátù ti ṣe méjèèjì rí, kò sì fẹ́ tún un ṣe mọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá wá ń yọ ṣùtì sí ẹnì kan lábẹ́ igi máńgòrò, tí wọ́n sì ní kí Akọ̀wé wá dájọ́, ìbéèrè kan ló máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n:

“Ta ló ti ti ọwọ́ bọ inú bàtà rẹ̀ wò nínú yín?”