Ooru Tí Tyra Kọ Sílẹ̀

Láti ìgbà tí Tyra Holmgaard ti ti ilé-ìwé dé ló ti ń wo nọ́ńbà mẹ́fà kan náà. Búrẹ́dì dúdú tí bàbá rẹ̀ gé sílẹ̀ fún un ti gan lórí àwo, kò fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ń rí nìyẹn láti oṣù kọkànlá tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀: ebi kì í pa á, ẹkún kì í wá, ohun tó bá kàn ló kàn ń ṣe, bí ẹni tí ara rẹ̀ ti kú tipiri.

Ohun tó kàn báyìí ni iṣẹ́ ìwádìí tí yóò fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Ẹnjinníà ni Bodil, ìyá rẹ̀. Òun ló ṣe ìṣirò ooru fún Kærhuset, ilé alájà mẹ́rin tuntun tí wọ́n kọ́ sí etí adágún ní ìlú Viborg. Ìṣirò náà sọ pé ooru díẹ̀ ni ilé ọ̀hún yóò máa lò. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì tí àwọn èèyàn ti kó wọ ibẹ̀, mítà ń ka nǹkan bí ìlọ́po méjì ohun tí Bodil kọ. Tyra ní òun yóò wá ìdí rẹ̀. Ó gbé tẹmómítà sí ilé ẹni mẹ́fà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá rẹ̀, Asger, wọlé, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n tún ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ lónìí," ló wí. "Wọ́n ní màmá ẹ ò mọ ìṣirò. Wọ́n ní bóyá àìsàn ti wà lára ẹ̀ nígbà yẹn."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo lọ jókòó sínú ọkọ̀."

Ó kọjá sí yàrá rẹ̀. Tyra tún wo nọ́ńbà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fà tó ń yan ara rẹ̀ nínú ilé. Dígírì mọ́kànlélógún ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Bí kì í bá ṣe àwọn èèyàn ló ń jẹ ooru tán, a jẹ́ pé ilé fúnra rẹ̀ ló ń jò. Bí ilé bá sì ń jò, lójú Tyra, a jẹ́ pé ìyá òun ló ṣi ìṣirò ṣe.

Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. Mọ́kànlélógún di mẹ́rìnlélógún. Ti ilé kẹrin nísàlẹ̀, ó sọ ọ́ di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó fi kún un pé fèrèsé wọn kì í padé. Ó rò pé àyà òun yóò já. Kò já.

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn ará Kærhuset péjọ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀ ilé, wọ́n ń mu kọfí. Hedvig, alága wọn, ló ka ìwé ìwádìí tí Tyra mú wá síbẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn. Kò dárúkọ ẹnì kan, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹni tó ń gbé ilé kẹrin nísàlẹ̀? Ejnar ni, bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin tó ń dá gbé.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Hedvig wí. "Ilé ò ṣe nǹkan kan. Àwa tá à ń gbé inú ẹ̀ ni."

"Ejnar, ṣé ẹja lẹ̀ ń sá síbẹ̀ ni?" ni ọkùnrin kan wí lẹ́yìn, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ejnar kò rẹ́rìn-ín. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Èmi?" Ó wo Tyra. "Ó dáa. Ọmọ Bodil ò lè purọ́ mọ́ mi. Bóyá ojú tí mo fi ń ka tẹmómítà ara ògiri mi ló ti ń ṣe bàìbàì."

Tyra kó ìwé rẹ̀ sínú àpò. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń ṣọ́ fèrèsé ara wọn ní Kærhuset. Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Tyra lọ kó àwọn tẹmómítà rẹ̀ tó ṣì wà níbẹ̀. Ejnar ṣílẹ̀kùn fún un pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù àti fìlà onírun lórí. Yìnyín bo ìta, inú ilé náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìta. Tẹmómítà ń ka mẹ́tàlá.

"Kí ló ṣe ẹ̀rọ amúlégbóná yín?"

"Mo pa á." Ikọ́ gbé e, ó di ara ògiri mú. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mò ń ba ilé jẹ́. Jókòó, jẹ́ n po kọfí fún ẹ."

Kò dé ìdí ààrò. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí gúlegúle. Tyra pe ọkọ̀ aláìsàn. Ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ bò ó, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé. Ọwọ́ náà tutù bíi ti ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ ìkẹyìn. Síbẹ̀ kò sunkún. Ní ọsibítù, wọ́n ní òtútù àyà ni.

Nígbà tó délé, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí nọ́ńbà títí dé orí ọkọ̀ aláìsàn. Asger kò pariwo. Ó lọ mú fáìlì Bodil wá, ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ohun tí ìyá Tyra fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló wà níbẹ̀:

"Ìṣirò yìí dúró bí àwọn èèyàn bá ń gbé ní dígírì ogún, bí wọ́n bá fi òwú wé gbogbo páìpù kí ooru má baà jò, bí ẹ̀rọ atẹ́gùn bá ń sinmi nígbà tó yẹ. Mi ò tíì rí ilé tó gbọ́ràn tó báyìí rí. Ẹ padà wá wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún kan."

"Wọ́n padà wá?" ni Tyra béèrè.

"Nígbà tí ọdún kan pé, ọsibítù ni màmá ẹ wà. Kò sẹ́lòmíì tó rántí."

Lọ́jọ́ kejì, Tyra lọ bá Hedvig àti Frode, olùkọ́ rẹ̀, ó sì fi nọ́ńbà tòótọ́ hàn wọ́n. Wọ́n ní kí olùtọ́jú ilé já àjà ìsàlẹ̀ wò. Ìdajì páìpù omi gbígbóná ló wà níhòòhò. Àwọn òṣìṣẹ́ ti bo àjà kí wọ́n tó wé wọn tán. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń lé ooru síta tọ̀sán-tòru bí wọ́n ṣe tò ó lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, ẹnikẹ́ni kò sì tún un tò. Dígírì kan ni àwọn èèyàn fi kọjá ti ìṣirò Bodil. Nǹkan kéékèèké ni gbogbo rẹ̀, wọ́n kàn para pọ̀ ni. Láàárín oṣù kan, wọ́n wé páìpù, wọ́n tún ẹ̀rọ tò, mítà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Mi ò lè gba iṣẹ́ ẹ," ni Frode sọ fún Tyra. "O ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ jáde lọ́dún yìí."

"Mo mọ̀," ni Tyra dáhùn.

Ní oṣù kẹfà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dé fìlà funfun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde máa ń dé, wọ́n wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ń kọrin yí ìlú ká. Òun wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú Skive, níbi tí Ejnar ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àyà bàbá náà kò tíì padà bọ̀ sípò. Kò lè dá gbé mọ́.

"Ṣé inú ń bí yín sí mi?"

Ejnar ní, "Inú bíbí kọ́. Tẹmómítà tèmi wà lára ògiri mi. Ojoojúmọ́ ló ń sọ òótọ́ fún mi, mo sì ní irọ́ ló ń pa, torí pé ìwọ lo sọ̀rọ̀. Ìyẹn ló dùn mí."

Tyra bú sẹ́kún, àkọ́kọ́ láti oṣù kọkànlá, Ejnar sì jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sílé, ohun tó ti ṣe wá hàn sí i kedere. Ìṣirò kì í gbé inú ilé, èèyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe rí, kó lọ wọ̀n ọ́n, kó sì kọ ohun tó bá rí. Ìyá rẹ̀ mọ èyí, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni bo òun láṣìírí. Irọ́ tí a bá fi bo òkú, alààyè ni yóò ru ú.