Òní Ọjọ́ Mẹ́jọ

Ẹ̀rín ni Fèyí kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ẹni tó ń rín in. Nígbà tó yíjú padà, ó rí ọkùnrin gíga kan tó fara ti ògiri lẹ́yìn kíláàsì, tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ọkùnrin náà rẹwà, ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú Fèyí.

Fèyí ò sì jẹ̀bi ìbínú. Sátidé mẹ́rin ló ti ń wọ ọkọ̀ láti Dei-Dei wá sí Gwarinpa, kó lè kọ́ C, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀kùn ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Adébíyì, ń tà ní Dei-Dei, òun náà ló sì ń bá a tà á. Lọ́jọ́ náà, ó kọ gíga ilẹ̀kùn márùn-ún sílẹ̀, ó ní kí kọ̀ǹpútà kà wọ́n jáde. Kọ̀ǹpútà fo ti àkọ́kọ́, ó ka mẹ́rin yòókù, ó wá gbé nọ́ńbà burúkú kan kalẹ̀, àfi bí ẹni pé ilẹ̀kùn kan wà tó ga ju òkè Zuma lọ. Kenny, olùkọ́ wọn, dúró síwájú gbogbo kíláàsì.

"Àǹtí, ẹ padà lọ máa ta ilẹ̀kùn yín jàre. Ọmọ jẹ́léósinmi gan-an mọ nǹkan án kà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ̀sí gbáà! Ṣé C ni wọ́n fi wẹ Kenny lọ́jọ́ tí wọ́n bí i ni? Omijé lé ròrò sójú Fèyí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́ níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe parí, ọkùnrin ara ògiri náà wá bá a.

"Ẹ má bínú. Dọ̀tun lorúkọ mi. Èmi ni mò ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń fi mí rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀yin kọ́. Ilẹ̀kùn tó ga ju Zuma yẹn ni. Oókan lẹ ti bẹ̀rẹ̀, òfo sì ni C ti ń bẹ̀rẹ̀."

"Òfo?" Ohùn Fèyí lọ sókè. "Ta ló ń bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti òfo? Ẹni tó bí àkọ́bí, ṣé òfo ló bí? Nílé ìyá mi àgbà ní Ṣakí, ení, èjì, ẹ̀ta la fi ń ka iṣu!"

"Kai, ẹ rọra, ọmọ Ṣakí." Dọ̀tun fa àga jókòó. "C ò béèrè pé ilẹ̀kùn kelòó ni. Ó ń béèrè pé mélòó lẹ máa fò kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé ti àkọ́kọ́, mélòó lẹ fò?"

Fèyí ronú. "Kò sí."

"Òfo nìyẹn."

Fèyí tún un ṣe. Ilẹ̀kùn márààrún jáde ní pípé, inú sì ṣì ń bí i, torí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé rẹ̀ báyìí kí wọ́n tó bú u.

Nígbà tó délé tó ròyìn ọ̀rọ̀ Kenny, Alàgbà gbaná jẹ. "Ta ló bí i? Ṣé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń kọ́ ni? Kó bẹ Ọlọ́run pé kí n má mọ ilé rẹ̀!"

Láti ìgbà náà, Dọ̀tun ń jókòó tì í ní gbogbo Sátidé. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí ọ̀rọ̀ C sì fi di ọ̀rọ̀ ọkàn. Sẹmikólọ̀nù, àmì tó ń parí àṣẹ kọ̀ọ̀kan nínú C, ni Fèyí máa ń gbàgbé jù, kọ̀ǹpútà á sì kọ̀ jálẹ̀.

"Ìfẹ́ mi, o tún ti gbàgbé é."

"Kọ̀ǹpútà ni kò ní sùúrù. Bí mo bá gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ṣé o ò ní jẹ ẹ́ ni?"

"Màá jẹ ẹ́, màá tún lá abọ́ náà."

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Fèyí sọ ọ̀rọ̀ Dọ̀tun fún bàbá rẹ̀, Alàgbà sì ní kó pè é lórí fóònù. "Ọmọ mi, kí ìwọ àti àwọn èèyàn rẹ wá mọ̀ wá lónìí ọjọ́ mẹ́jọ."

"Ẹ ṣé, sà!"

Gwarinpa ni wọ́n bí Dọ̀tun sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà máa ń fò ó. Ó ká ìka rẹ̀, ó fo òní, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ìka kẹjọ sì bọ́ sí Sọ́ńdè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé òní fúnra rẹ̀ ni oókan, pé Sátidé sí Sátidé ni ọjọ́ mẹ́jọ. Jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà, "ọjọ́ wa" ni òun àti Fèyí ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ronú pé ó yẹ kí òun béèrè.

Sátidé dé. Alàgbà ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Àbúrò rẹ̀ ti Kuje wá, oúnjẹ ti jinná, aago méjì lù, Fèyí bá pe Dọ̀tun.

"Níbo lẹ dé?"

"Kàdúná. Mo wá mú ẹ̀gbọ́n màmá mi. Ọ̀la ṣá ni, àbí?"

Alàgbà ti gbọ́.

"Ó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́! Ẹni tí kò lè ka ọjọ́ mẹ́jọ ló ń kọ́ ọmọ mi ní òǹkà? Kó jókòó sí Gwarinpa rẹ̀. Mi ò fún un lọ́mọ!"

Fèyí bínú sí bàbá rẹ̀, ó bínú sí Dọ̀tun, ó sì bínú sí ara rẹ̀ tí kò béèrè. Ẹ̀rù tún ń bà á, torí ó mọ̀ pé bàbá òun kì í yí ọ̀rọ̀ padà.

Lọ́jọ́ kejì, Dọ̀tun àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dé sí Dei-Dei tààrà láti Kàdúná. Dọ̀tun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta wẹ́wẹ́ níwájú ìsọ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, Alàgbà ń fi aṣọ nu ilẹ̀kùn bí ẹni pé kò rí wọn. Oòrùn ń pa ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn, Alàgbà ò sì ní kó dìde. Ó ti pọ̀ jù!

Fèyí jáde.

"Bàbá, èmi náà ṣi òǹkà kà. Ẹni tó bú mi, ẹ ní kó bẹ Ọlọ́run pé kí ẹ má mọ ilé rẹ̀. Bí bàbá Dọ̀tun bá rí i lórí òkúta yìí, ilé ta ni kí òun náà wá?"

Alàgbà dúró, aṣọ lọ́wọ́.

"Wọn ò kọ́ Dọ̀tun ní òǹkà ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, Bàbá. Ṣé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń kọ́ ni?"

Fèyí kúnlẹ̀ sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dọ̀tun.

"Ta ló ní kó o kúnlẹ̀ síbẹ̀?" Ohùn Alàgbà ti yàtọ̀.

"Ọkọ mi ló wà nílẹ̀ yìí. Bí ẹ ò bá ní kó dìde, èmi náà ò dìde."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó wo ọkùnrin tí kò tíì gbójú sókè láti ìgbà tó ti dé. Ó ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde. Ẹ wọlé wá jẹun."

Dọ̀tun na ọwọ́ tó kún fún erùpẹ̀ sí Fèyí. Fèyí gbà á níwájú bàbá rẹ̀, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú wọlé.