Ọkùnrin Tó Ń Ṣọ́ Adágún

Bí òjìji èèyàn bá bọ́ sórí omi, ẹja á sá. Mo ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Agége lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì Iléyá ọdún 1957, nínú igbó ìjọba tó wà lẹ́yìn Àgídìngbì, mo rí ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ adágún tí wọ́n ń sin ẹja sí. Àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ kọjá lábẹ́ òjìji rẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, Sùlíyá, ni mo mú lọ nàjú níbẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá ṣọdún lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tí Nùréènì, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ti kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú. Ohùn wọn kò ju èémí lọ.

"Tíṣà, Nùréènì nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tó kú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lè lọ máa gbé ìlú mìíràn, kó ṣiṣẹ́, kó gbéyàwó, kó bímọ. Àkúdàáyà là ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ará ilé rẹ̀ bá fi lè pè é lórúkọ, ó parí. A kì í rí i mọ́.

"Ẹ má pè é, ẹ̀gbọ́n," mo sọ wẹ́lẹ́.

"Mi ò ní í pè é. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà máa wò ó."

Ọkùnrin náà rí wa. "Ẹ sún mọ́bí, Ìyá. Ẹja yìí ò jẹ èèyàn, èèyàn ló ń jẹ ẹ́."

Sùlíyá sún mọ́ ọn, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀ bí àlejò. Ó ní Suara lòun ń jẹ́, pé ìyàwó òun ń gbé oúnjẹ bọ̀ láti Opebi.

"Ṣé ó ń tọ́jú ẹ dáadáa?"

"Ó ń gbìyànjú, Ìyá. Iyọ̀ ọbẹ̀ ẹ̀ nìkan ló pọ̀."

Sùlíyá rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìsìnkú.

Ó fi ewé wé ẹja àrọ̀ kan fún wọn. Òórùn ilẹ̀ tútù ń jáde lára ọkùnrin náà. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko.

"Ó dàbọ̀, Ìyá."

Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ yóò dọ̀bálẹ̀ fún tí kò ní í fi oríkì dá a lóhùn? Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ́ Sùlíyá lẹ́nu. Ẹnu náà kò dúró gbàṣẹ.

"Pẹ̀lẹ́, Àlàmú."

Koríko tó tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀.

A ṣì dúró níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan yọ láti ọ̀nà igbó, abọ́ oúnjẹ lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀ kí wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ọkọ mi?"

Ọmọ náà yọjú lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Imú Nùréènì ni, ètè Nùréènì ni. Sùlíyá na ọwọ́ kan sí i, wọ́n sì fi ọwọ́ kejì bo ẹnu ara wọn.