Owú Aling Rosenda

Bagoong ni wọ́n dà sí ilẹ̀kùn Ludivina, ẹdé oníyọ̀ tó rùn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n tún fi ẹfun kọ "Agbọkọlọ́kọ" gàdàgbà sára ògiri.

Inspẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá, Panganiban, fi ìka kan bagoong náà, ó tọ́ ọ wò. Ó dùn, ṣúgà wà nínú ẹ̀. Ta ló tún ń fi ṣúgà sí bagoong ládùúgbò yẹn bí kò ṣe Aling Rosenda? Ọkọ rẹ̀ gan-an, Mang Selmo olùkọ́ orin, ni Ludivina ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sùn pé ó fipá bá òun lò pọ̀ nígbà tóun wà lọ́mọdé.

Mang Selmo ò jiyàn pé òun bá a sùn. Ó ní Ludivina ti di ọmọge nígbà náà, Ludivina fúnra rẹ̀ ló sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti kú, àkókò tí wọ́n fi lè pè é lẹ́jọ́ ti kọjá. Àmọ́ òfin ti yí padà: bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ṣe é sí, ìgbà tó bá dàgbà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Ti Ludivina ò tíì pé. Ẹlẹ́rìí pé ọmọdé lòun nígbà náà ni ò ní.

Inspẹ́kítọ̀ mú Ludivina dání, ó di ilé Mang Selmo.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ da bagoong yẹn."

"Èmi ni! Kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe?" Aling Rosenda na ìka sí Ludivina. "Ẹ tún mú un wọlé mi, kó wá wo ọkọ mi dáadáa, àbí?"

"Rosenda, panu mọ́," Mang Selmo wí. "Omi tó ti dànù ò ṣé kó mọ́."

"Mi ò panu mọ́! Òjòwú ò lẹ́ran láyà, mo gbà! Ojú mi ló ṣe. Lọ́jọ́ òdòdó Màríà, ọdún ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, mo rí i tó jáde ní yàrá orin, ìyẹ́ áńgẹ́lì ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ìwọ sì ń fọwọ́ tọ́ irun rẹ̀. Èmi tí o gbé níyàwó, ìgbà wo lo tọ́ irun mi rí?"

Mang Selmo dìde fùú, ó tún jókòó.

"Màmá," Inspẹ́kítọ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta ló ń wọ ìyẹ́ lọ́jọ́ òdòdó?"

"Àwọn ọmọ kéékèèké ni. Tí wọ́n bá ti di ọmọge, adé ni wọ́n ń dé..."

"Ẹ ti sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún mi nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹni tó jowú tó báyìí, nǹkan ló fojú rí. Ìdí tí mo fi mú un wá nìyẹn. Mang Selmo, ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Ludivina ò wo ọkùnrin náà. "Màmá, ẹ rí mi lọ́jọ́ yẹn?"

Aling Rosenda tẹjú mọ́ ọn títí. Ìtìjú bò ó.

"Mo rí ẹ," ló wí. "Ọmọdé ni ẹ́, èmi àgbààyà wá ń bá ẹ jowú. Màá sọ ọ́ níwájú adájọ́."