Agbálẹ̀ Bàbá Stamen

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni Zornitsa kọ́kọ́ rí Lyuben. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ní ìlú Plovdiv, yìnyín ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ó sì ń fi eyín fa òwú pupa àti funfun tó fẹ́ so mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń so fún ara wọn lọ́jọ́ náà, tí wọ́n á sì fi kọ́ igi tó bá tanná.

"Ta ló ń so ti ara ẹ̀ fúnra ẹ̀?" Zornitsa bi í. "Ṣé o ò lẹ́nìkan ni?"

"Àná ni mo ti Vidin dé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì nìkan ni mo mọ̀ níbí, kò sì jọ pé ó fẹ́ràn mi."

Zornitsa rẹ́rìn-ín, ó sì bá a so ó, bí èyí tó wà lọ́wọ́ òun náà.

Stamen, bàbá Zornitsa, ló ni ọ́fíìsì náà. Òun ló kọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà, ètò inú kọ̀ǹpútà tó ń ka àṣẹ tí àwọn tó ń ṣe géèmù bá kọ, tó sì ń mú un ṣẹ. Ohun tó fi ń yangàn jù nínú rẹ̀ ni apá kan tó pè ní agbálẹ̀, tó ń wo inú ìrántí kọ̀ǹpútà kiri, tó ń gbá ohun tí ẹnikẹ́ni kò dì mú mọ́ dànù. Láyé ìgbà tó kọ ọ́, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ènìyàn bí kò ṣe apá ètò tó ń mú àṣẹ ṣẹ, ló wà nínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n gba Lyuben síṣẹ́ kó lè ṣe é tí òṣìṣẹ́ púpọ̀ á fi máa ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó ṣe é. Ẹ̀rọ náà yára bí àṣá. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á kàn ṣubú gbì. Ohun tí òṣìṣẹ́ kan fẹ́ lò, agbálẹ̀ á ti gbé e lọ.

Zornitsa àti Lyuben jọ wá àrùn tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣubú títí, wọ́n ń jẹ èso òdòdó oòrùn, wọ́n ń rìn létí odò Maritsa. Àrùn náà ò jáde. Ìfẹ́ ló jáde.

"Bàbá, agbálẹ̀ yìí ló ṣe é," ni Lyuben sọ lọ́jọ́ kan.

"Agbálẹ̀ tèmi?" Stamen fò dìde. "Àwọn òṣìṣẹ́ ẹ ni oníwàdùwàdù! Tí igi plum àgbàlá mi bá tanná tí o ò tíì rí àrùn yẹn, kó ẹrù ẹ padà sí Vidin. Ẹni tó bá ba iṣẹ́ mi lórúkọ jẹ́ kò ní fẹ́ ọmọ mi."

Igi náà ti yọ ìrudi òdòdó nígbà tí Ginka, ìyá Zornitsa, pè wọ́n wá jẹun ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi. Ginka ò lè rí abọ́ nílẹ̀ kó má gbé e lọ fọ̀. Zornitsa gbé abọ́ bánítsà tirẹ̀, àkàrà oníwàràkàṣì, síwájú Lyuben, ó yọ ọwọ́. Kí Lyuben tó na tirẹ̀, abọ́ ti dé ìdí omi.

"Màmá! Mo ń fún un ni!"

"Ta ló dì í mú? Mo wo ọwọ́ ẹ, ó ṣófo. Mo wo tiẹ̀, ó ṣófo. Nígbà tó jẹ́ bàbá ẹ nìkan ló ń jẹun níbí, ta ló rojọ́ rí?"

Fọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Stamen. Lyuben wo Zornitsa. Ojú Zornitsa ti ń tàn.

"Ẹni tó ń fúnni ti jù ú sílẹ̀," Stamen sọ jẹ́jẹ́, "ẹni tó ń gbà ò tíì dì í mú. Àárín yẹn ló ti gbá a. Ginka, ìwọ gan-an ni agbálẹ̀ mi!"

"Kí lo pè mí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi òfin sínú ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ń fúnni kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ohun tó dì mú àfi bí ẹni tó ń gbà bá dáhùn. Agbálẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gbá nǹkan kan láìkọ́kọ́ dá gbogbo òṣìṣẹ́ dúró. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, kò ṣubú.

Nígbà tí igi plum tanná, wọ́n tú òwú ọwọ́ wọn, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀ka kan. Lyuben kúnlẹ̀ níwájú Stamen, ó tọrọ ọmọ.

Bàbá mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó fi lé àtẹ́lẹwọ́ Lyuben, ṣùgbọ́n kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Dáhùn."

"Mo ti dì í mú, Bàbá."

"Zornitsa ńkọ́?"

"Èmi náà ti dì í mú, Bàbá. Ẹ lè jù mí sílẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ àgbàlagbà náà tó tú, díẹ̀díẹ̀.

Ginka yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé mo lè wá kó abọ́ báyìí?"