Ìdáhùn Tí Bàbá Rẹ̀ Ń Retí

Ohùn dùùrù kan ṣoṣo, tó gùn gbọọrọ láìyí padà: òun ni mo mọ̀ kí n tó mọ ojú ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Inú dùùrù ńlá ilé ìjọsìn, tó tóbi bíi yàrá, ni mo wà, láàárín àwọn fèrè irin, mò ń tún ohùn wọn ṣe. Iṣẹ́ ẹni méjì ni: ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́ níta, ẹnì kejì á wà nínú. Ọmọbìnrin alùfáà ìjọ náà ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

"Ìka mi ti fẹ́ já o, Onídùùrù! Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Má gbé e kúrò, Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀. Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ rẹ yìí, ọmọ ọdún mélòó ni?"

Kí iṣẹ́ náà tó parí, ìfẹ́ rẹ̀ ti gbà mí lọ́kàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí ìjọ ń ka ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, ó ń tẹ dùùrù, ó sì rí mi nínú dígí kékeré tó wà lórí rẹ̀. Mo pa ẹnu mọ́ níbi tí wọ́n ti ń sọ pé Ọlọ́run ni Jésù láti ayérayé.

"Kí ló dé tí o fo ibẹ̀?" ó bi mí lẹ́yìn ìsìn.

"Wọn ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀ nílé. Màmá mi ní Ọlọ́run ló kọ́kọ́ dá a, kó tó dá ayé."

Ó di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí mo lọ tọrọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ ò béèrè iṣẹ́, kò béèrè ilé.

"Ọmọ mi, ṣé ìgbà kan wà rí tí Jésù kò sí? Dáhùn rere, kí n fún ọ lọ́mọ."

Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi: "Bí o bá gbà fún wọn, má pè mí ní ìyá mọ́." Síbẹ̀, mo la ẹnu láti sọ ohun tí bàbá ń retí.

"Má sọ ọ́!" Omijé ti bo ojú ọmọ rẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, bí o bá fi irọ́ fẹ́ mi, irọ́ náà la ó jọ máa bá gbélé."

Mo kó irinṣẹ́ mi, mo lọ jìnnà. Ó di ọdún mọ́kànlélógójì. Ó lọ́kọ, n kò dá a lẹ́bi.

Ó ti rẹ̀ mí báyìí. Orúnkún mi ò gba inú dùùrù mọ́. Ibi ikú màmá mi ni ojú mi ti là. Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá màmá mi dùbúlẹ̀, ńṣe ni gbogbo wa ń rán ara wa níṣẹ́: lọ pe dókítà, lọ bu omi wá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó ti ìrora náà. Mo wá rò ó pé: bí Jésù bá jẹ́ ẹ̀dá, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ni Ọlọ́run rán wá jẹ ìyà wa. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wá. Mo jókòó ti ìyá mi títí ó fi mí èémí ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á gbọ́.

Lóṣù tó kọjá, àbúrò Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀ kọ̀wé sí mi pé ọkọ ẹ̀gbọ́n òun ti kú láti ọdún méjì, ó ń dá gbé. Mo kọ, mo pa á rẹ́, mo tún kọ. Lánàá ni mo tó fi ránṣẹ́ sí Ọlọ́wọ́-ẹ̀rọ̀:

"Èmi ni. Kò sí ìgbà kan rí tí Jésù kò sí. Mo gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó bi mí léèrè. Mo ti darúgbó, ó sì rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n n kò ní rán ẹnikẹ́ni sí ọ. Bí o bá gbà fún mi, èmi fúnra mi ni màá wá."